Ìbò Àárín Sáà ní Amẹ́ríkà: Àwọn Tó Jáde àti Àwọn Tó Jókòó Sílé

Bí ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà bá ń bọ̀, kò sí ibi tí a kò ti ní gbọ́ ọ nílẹ̀ Yorùbá. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbò mìíràn máa ń wáyé, tó lè di ààrẹ yẹn lọ́wọ́ títí sáà rẹ̀ á fi parí, àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn ló ń kọbi ara sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò náà máa ń pọ̀ ju àwọn tó jáde lọ. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì wọn, Democrat àti Republican, fi ń gòkè tí èkejì ń já wálẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kò wá. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù jọ síbí, ti àwọn tó wà nílé àti ti àwọn èèyàn wa tó ń gbé Houston, Maryland àti Atlanta.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìbò àárín sáà gan-an?

Ìbò tó bọ́ sí àárín sáà ọdún mẹ́rin ààrẹ ni. Orúkọ ààrẹ kì í sí nínú ìwé ìdìbò lọ́jọ́ náà. Ohun tó máa ń wà níbẹ̀ ni gbogbo àga 435 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, nítorí ọdún méjì péré ni sáà aṣojú kọ̀ọ̀kan. Àga sẹ́nétọ̀ 33 tàbí 34 nínú 100 náà máa ń wà níbẹ̀, torí ọdún mẹ́fà ni tiwọn, wọ́n sì pín wọn sọ́nà mẹ́ta kí gbogbo wọn má baà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Gómìnà ìpínlẹ̀ 36 nínú 50 ló ń wọlé lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, àwọn adájọ́ àdúgbò, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iléèwé, àti àwọn àbá òfin tí aráàlú fúnra wọn máa ń dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lé lórí.

Ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá tẹ̀lé ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Ti ọdún 2026 bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù náà.

Ṣé irú rẹ̀ wà ní Nàìjíríà?

Rárá. Ìlànà ààrẹ, sẹ́nétọ̀ àti gómìnà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1979, Amẹ́ríkà la ti wò ó ṣe, ṣùgbọ́n a kò mú ìbò àárín sáà mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wọn nílé, ọjọ́ kan náà la sì ń dìbò ààrẹ àti ti ilé aṣòfin àpapọ̀ báyìí. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ìbò gómìnà Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Oǹdó, tó máa ń bọ́ sí ìgbà tí ìbò ààrẹ kò sí nílẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà síbẹ̀. Nínú irú ìbò bẹ́ẹ̀ nílé, ẹgbẹ́ tó wà ní Abùjá ni àwọn alátakò ń bẹ̀rù. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí ààrẹ ti wá ni ẹ̀rù máa ń bà.

Èèyàn mélòó ló máa ń jáde?

Nínú àwọn tí òfin gbà láyè láti dìbò, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde fún ìbò ààrẹ ní 2016, bí 66 ní 2020, àti bí 64 ní 2024. Ẹ wá wo ti àárín sáà: kò ju bí ìdá 37 lọ ní 2014, èyí tó kéré jù láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 2018 ó fò dé ìdá 50, irú èyí tí wọn kò rí láti 1914. Ní 2022 ó rọ̀ díẹ̀ sí bí 46.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń jó rẹ̀yìn tó, bí ìbò mílíọ̀nù 129 ni wọ́n kà fún ipò ààrẹ ní 2012. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, bíi mílíọ̀nù 83 ni. Àwọn èèyàn náà kò kú, wọn kò sì kó kúrò nílùú. Ilé ni wọ́n wà.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iye tó ń jáde fún ìbò àárín sáà máa ń lé ní ìdá 60. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn yangàn fún wa. Àwọn obìnrin kò láǹfààní láti dìbò nígbà náà àyàfi ní ìpínlẹ̀ díẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní gúúsù ni wọ́n sì ń fi ipá àti ìbọn lé kúrò níbi àpótí.

Kí ló dé tí wọn kì í jáde? Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ni?

Mi ò gbà pé ọ̀lẹ ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n fi í sí. Òfin tó yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti wà láti 1845, nígbà tí àgbẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ sí ibùdó ìdìbò, tí kò sì gbọdọ̀ rin ìrìn náà lọ́jọ́ ìsinmi Olúwa. Lónìí, ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìjọba àpapọ̀ kò sì fún gbogbo èèyàn ní ìsinmi lọ́jọ́ ìbò. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá, tó tún ní ọmọ tó fẹ́ gbà nílé ìtọ́jú ọmọ kí wọ́n tó tì í, ìgbà wo ló fẹ́ tò sórí ìlà?

Fíforúkọ sílẹ̀ ni ìṣòro kejì. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ìjọba ló ń wá olùdìbò. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ ni wàá lọ wá ìjọba, bí o bá sì ti kó ilé, ó di dandan kí o tún àdírẹ́sì rẹ ṣe. Àwọn tó ń gbé ilé háyà, tí wọ́n ń kó kiri, ni èyí máa ń gbé ṣubú jù. North Dakota nìkan ni ìpínlẹ̀ tí kò béèrè ìforúkọsílẹ̀ rárá. Ní Minnesota, o lè forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìbò gan-an kí o sì dìbò lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìpínlẹ̀ náà sì sábà máa ń wà lára àwọn tí èèyàn ti ń jáde jù. Ní Oregon, ìwé ìdìbò ló ń bá ọ nílé nínú àpótí lẹ́tà. Níbi tí wọ́n bá ti la ọ̀nà, àwọn èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ìkẹta: ìbò pọ̀ jù. Ìbò abẹ́lé, ìbò ìlú, ìbò iléèwé, ìbò àfidípò, ọ̀kan kò tíì tán tí òmíràn á fi dé. Ìkẹrin ló sì dùn mí jù: nínú àwọn ẹkùn 435 wọ̀nyẹn, èyí tó pọ̀ jù lọ ni gbogbo èèyàn ti mọ ẹgbẹ́ tó máa gbà á kí ìpolongo tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀ á ní, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?

Àwọn wo ló wá ń jáde?

Àwọn àgbà, àwọn tó nílé tara wọn, àwọn tó kàwé, àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò. Gẹ́gẹ́ bí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ṣe sọ ọ́, ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti lé ní ọdún 65 ló dìbò ní 2018. Ti àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 29, ìdá 36 ni, ìdùnnú sì ni ìyẹn jẹ́, torí ìdá 20 péré ni wọ́n ní 2014. Bí ọ̀dọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún bá jókòó sílé, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé owó ìfẹ̀yìntì ni àwọn aṣòfin ń sọ ní gbogbo ìgbà, tí gbèsè owó iléèwé sì ń dúró dé ọ̀la.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ ààrẹ kì í yè é?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé wọn parí ní 1865, ìgbà mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ ààrẹ rí àga kún tirẹ̀ nílé aṣojú láìsí àríyànjiyàn: 1934, 1998 àti 2002. (Ní 1902 ó rí díẹ̀ kún un, àmọ́ ilé náà ni wọ́n sọ di ńlá lọ́dún yẹn, alátakò sì rí ju tirẹ̀ lọ.) Gbogbo ìyókù, àdánù ni. Ní 1894, lẹ́yìn tí àwọn báńkì dojú dé lọ́dún tó ṣáájú, ẹgbẹ́ Democrat ti Ààrẹ Grover Cleveland pàdánù àga tó lé ní 100. Ní 1974, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Ààrẹ Nixon fi ipò sílẹ̀ nítorí ìwà àbòsí tí wọ́n ń pè ní Watergate, tí Gerald Ford tó rọ́pò rẹ̀ sì ti dárí jì í, nǹkan bí àga 48 ló bọ́ lọ́wọ́ Republican. Ní 2010, àga 63 bọ́ lọ́wọ́ Democrat. Ní 2018, bí àga 40 bọ́ lọ́wọ́ Republican.

Kí ló ń fà á?

Nǹkan mẹ́ta ló so kọ́ra, mi ò sì rò pé ó yẹ ká fi ọ̀kan ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Èkíní ni àwọn tó tẹ̀lé ààrẹ wá. Nígbà ìbò ààrẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í dìbò ló máa ń jáde nítorí ẹni kan ṣoṣo, Obama ni o, Trump ni o. Wọ́n á tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn aṣojú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ á sì bá a wọlé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, àwọn èèyàn rẹ̀ sì padà sílé. Onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí nípa ìbò, Angus Campbell, ló là á sílẹ̀ báyìí ní 1960.

Èkejì ni ìbínú. Ẹni tó jáwé olúborí máa ń sinmi, ẹni tó fìdí rẹmi kì í sùn. Ohunkóhun tí ààrẹ bá ṣe, àwọn tó bá dùn mọ́ á gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, àwọn tó bá bí nínú á sì ka ọjọ́ ìbò lórí ìka.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn èèyàn kan máa ń yí padà lóòótọ́. Ó wù mí kí àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìjáde nìkan ni rántí èyí. Ní 2018, ní Orange County ní California, tó ti jẹ́ ilé Republican láti ìgbà Reagan, gbogbo ẹkùn aṣojú méje tó kan ibẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ Democrat. Kì í ṣe àwọn tuntun tó jáde nìkan ló ṣe é. Àwọn tó kàwé, tí wọ́n ń gbé ẹ̀yìn ìlú ńlá, tí wọ́n ti ń dìbò fún Republican tẹ́lẹ̀, wà níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Republican gba méjì padà nínú méje.

Ẹ sì fi èyí kún un: àga tí ẹgbẹ́ kan kò ní, kò lè pàdánù rẹ̀. Ní 2010, Democrat ti kó àga púpọ̀ jọ ní 2006 àti 2008, títí kan àwọn ibi tí kì í ṣe tiwọn, ìdí nìyẹn tí ìṣubú wọn fi pọ̀. Ní 2022, wọn kò ní ohun púpọ̀ tí wọ́n lè pàdánù mọ́.

Báwo ni ààrẹ mẹ́ta yẹn ṣe yè é?

Ní 1934, ebi ti pa ará Amẹ́ríkà ju bó ṣe yẹ lọ, Franklin Roosevelt sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn níṣẹ́. Wọ́n fún un ní àga mìíràn sí i nílé méjèèjì. Ní 2002, ọdún kan péré ló ti kọjá lẹ́yìn ìkọlù September 11, gbogbo ìlú ló dúró ti George W. Bush.

Ti 1998 ló ṣe mí ní kàyéfì jù. Bill Clinton wà nínú wàhálà ìṣekúṣe pẹ̀lú Monica Lewinsky, ọ̀dọ́bìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ààrẹ, àwọn Republican sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti fẹ̀sùn ìyọnípò kàn án. Wọ́n rò pé ìtìjú á jẹ́ kí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sá pamọ́. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Àga márùn-ún kún ti Democrat, Newt Gingrich tó jẹ́ abẹnugan ilé sì kéde láàárín ọjọ́ díẹ̀ pé òun ń lọ. Nígbà tí alátakò bá ṣe àṣejù, ìbínú lè yí ilé gbé.

Ẹ sọ fún wa nípa 1994 àti 2010.

Fún ogójì ọdún gbáko, Democrat ló ń darí ilé aṣojú. Àwọn aṣojú Republican wà tó jẹ́ pé wọ́n wọlé, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n fẹ̀yìn tì, láìmọ bí ó ṣe ń rí kí ẹgbẹ́ ẹni pọ̀ jù nílé. Ní 1994, ètò adójútòfò ìlera tí Clinton gbé kalẹ̀ ti wó, ó ti fi owó orí kún un, Gingrich sì kó àwọn olùdíje rẹ̀ jọ sórí ìlérí kan náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Nǹkan bí àga 54 ló ṣí kúrò lọ́wọ́ Democrat bọ́ sọ́wọ́ Republican. Tom Foley, abẹnugan ilé fúnra rẹ̀, pàdánù àga rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington. Láti 1862, abẹnugan kankan kò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Ti 2010 jọ ọ́, àmọ́ àyọrísí rẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obama ti buwọ́ lu òfin ìlera rẹ̀ ní oṣù kẹta, iṣẹ́ ṣì wọ́n, àwọn Tea Party, ìyẹn àwọn aráàlú tó ń tako ìnáwó àti owó orí ìjọba, sì ti gba ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó tò lórí ìlà ní 2008, ọ̀pọ̀ wọn kò padà wá. Ohun tí àwọn èèyàn kò kíyè sí nígbà náà ni pé ọdún ìkànìyàn ni. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tó wọlé lọ́dún yẹn ló máa ya àwòrán ẹkùn ìdìbò fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n yà á bó ṣe wù wọ́n. Ní 2012, àpapọ̀ ìbò tí Democrat rí fún ilé aṣojú fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan ju ti Republican lọ, síbẹ̀ 234 sí 201 ni Republican fi borí nílé náà.

Ṣé ìbò tí èèyàn kò jáde fún lè dé ibi tó jìnnà?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ti 2014 lọ. Ọdún yẹn ni mo ti sọ pé kò ju bí ìdá 37 tó jáde. Republican gba àga sẹ́nétọ̀ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ Democrat, wọ́n sì di ọ̀gá ilé aṣòfin àgbà. Ní North Carolina, Thom Tillis fi ìbò tí kò tó 50,000 borí Kay Hagan, ní ìpínlẹ̀ tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ti forúkọ sílẹ̀, tí ó lé ní ìdajì wọn tí kò jáde.

Ní oṣù kejì 2016, Antonin Scalia, adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, kú. Obama yan Merrick Garland rọ́pò rẹ̀. Mitch McConnell, olórí àwọn Republican nílé aṣòfin àgbà, ní àwọn kò ní í pè é fún àyẹ̀wò rárá, torí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù nílé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún un. Àga náà ṣófo fún ohun tó lé ní ọdún kan. Trump wọlé, ó fi Neil Gorsuch síbẹ̀ ní oṣù kẹrin 2017. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2022, ilé ẹjọ́ yẹn fagi lé ẹ̀tọ́ sí oyún ṣíṣẹ́ tó ti wà láti 1973. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ló gbà pé kí wọ́n fagi lé e. Gorsuch jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn márùn-ún bá yẹ̀, ìdájọ́ 1973 ì bá ṣì wà.

Mi ò sọ pé North Carolina nìkan ló ṣe é. Àga mẹ́rin ni Democrat ì bá dì mú kí agbára ilé náà tó kù sọ́wọ́ wọn. Inú ẹlòmíì sì dùn sí ìdájọ́ 2022 yẹn, ó gbàdúrà fún un ni. Ṣùgbọ́n yálà inú yín dùn sí i tàbí kò dùn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní 2014, tí ọ̀pọ̀ jù lọ ará Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ rántí pé ìbò wà, wà lára ohun tó gbé e wá.

Kí wá ló ṣẹlẹ̀ ní 2022? Gbogbo èèyàn ní Republican máa gbá Democrat, ẹgbẹ́ Ààrẹ Biden, lọ.

Ìrètí yẹn bójú mu. Ọ̀wọ́n gógó wà, epo bẹntiróòlù wọ́n, àwọn tó fọwọ́ sí iṣẹ́ Biden kò pọ̀. Lóòótọ́, Republican gba ilé aṣojú, 222 sí 213. Àga mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí kún un. Nílé aṣòfin àgbà, Democrat tilẹ̀ fi ọ̀kan kún tiwọn, nítorí John Fetterman gba ti Pennsylvania, Raphael Warnock sì di ti Georgia mú nínú ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kejìlá.

Ìdájọ́ oyún yẹn ló yí i padà ju ohunkóhun lọ. Àmì ti hàn láti oṣù kẹjọ ní Kansas, ìpínlẹ̀ Republican pọ́nńbélé, níbi tí bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ti kọ àbá tó fẹ́ yọ ẹ̀tọ́ sí oyún ṣíṣẹ́ kúrò nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀. Ní Michigan, ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ìdìbò gan-an ní oṣù kọkànlá. Ẹ̀tọ́ sí oyún ṣíṣẹ́ borí, Gómìnà Gretchen Whitmer ti Democrat wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ méjèèjì, ohun tí wọn kò rí fún bí ogójì ọdún. Ẹgbẹ́ ààrẹ ló wà ní Washington, àmọ́ ìgbà yìí, ẹgbẹ́ kan náà ni ìbínú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé bí èrò bá pọ̀ níbi ìbò, Democrat ló ń jàǹfààní?

Ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹni tó bá ṣì ń sọ ọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ àná. Nígbà tí àwọn tó kàwé jáde ní yunifásítì fi Republican sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò kàwé púpọ̀ sì bá Trump lọ, àwọn tí kì í pa ìbò jẹ bọ́ sọ́wọ́ Democrat. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe dáadáa nínú àwọn ìbò kéékèèké tí èèyàn kì í jáde fún. Ní 2024, tí èrò pọ̀ gan-an, Trump ló wọlé, òun náà ló sì rí ìbò tó pọ̀ jù jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Ìbéèrè fún Republican nísinsìnyí ni bí àwọn tó ń jáde nítorí Trump ṣe máa jáde lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní 2018, ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́?

Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa jíjáde dìbò ní Amẹ́ríkà tí kò mẹ́nu ba èyí, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Láti 1870 ni ìwé òfin ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìbò. Wọ́n fi owó orí ìbò, ìdánwò ìwé kíkà àti ipá dí àwọn aláwọ̀ dúdú fún ohun tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta 1965, àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó àti tajútajú lu àwọn tó ń wọ́de lórí afárá Edmund Pettus ní Selma, Alabama. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ní Mississippi, kò tó aláwọ̀ dúdú 7 nínú ọgọ́rùn-ún tó ti forúkọ sílẹ̀ kí òfin náà tó dé. Ní 1967, wọ́n ti tó bí 60.

Ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yọ eyín kan tó mú jù lẹ́nu òfin yẹn, èyí tó ní kí àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ṣe àìdáa rí máa gba àṣẹ kí wọ́n tó yí òfin ìbò wọn padà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo àǹfààní náà. Àwa tí a dé lẹ́yìn, tí a gba ìwé ọmọ onílẹ̀ tí a sì rìn wọlé dìbò pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ló la ọ̀nà náà.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń tún ẹkùn ìdìbò pín kí ọdún ìkànìyàn tó pé. Ṣé òfin gbà á?

Ní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ kò ní í dá sí i bí wọ́n bá pín ẹkùn láti fi ran ẹgbẹ́ òṣèlú kan lọ́wọ́. Texas lo ìyẹn ní 2025, ó tún àwòrán rẹ̀ yà láti fi rí àga kún ti Republican. California fèsì: ní oṣù kọkànlá 2025, aráàlú dìbò gbà pé kí wọ́n tún tiwọn yà láti fi ran Democrat lọ́wọ́. Méjèèjì kò dára lójú mi. Aṣojú tó bá ti lè yan olùdìbò tirẹ̀ kò nílò láti bẹ̀rù olùdìbò mọ́.

Mo ní green card. Ṣé mo lè dìbò?

Rárá o. Ẹ má dán an wò. Láti 1996 ni òfin ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ láti dìbò yan ààrẹ tàbí aṣòfin àpapọ̀, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nílùú. Ibi tó ti ń ṣe àwọn èèyàn wa ní jàǹbá ni ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Ẹlòmíì á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rò pé ara ètò ìwé ìwakọ̀ ni. Nígbà tó bá wá ń gba ìwé ọmọ onílẹ̀, fọ́ọ̀mù á bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ṣé ọmọ Yorùbá kankan wà nínú òṣèlú Washington?

Oye Owolewa wà níbẹ̀. Ní 2020, àwọn ará Washington, D.C. dìbò yàn án ṣe aṣojú tó ń jà kí ìlú náà di ìpínlẹ̀. Kò ní àga nílé aṣojú, kò sì lè dìbò níbẹ̀, torí D.C. kì í ṣe ìpínlẹ̀. Bí èèyàn 700,000 ló ń gbé ìlú náà, wọ́n ń san owó orí, síbẹ̀ wọn kò ní sẹ́nétọ̀ kankan.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra di ọmọ onílẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú oríire. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ búra gan-an bí ààyè bá wà, ọ̀pọ̀ ibi ìbúra ni wọ́n ti ń pín fọ́ọ̀mù. Fún ìbò ìjọba àpapọ̀, kò sí ìpínlẹ̀ tó gbọdọ̀ ti ìforúkọsílẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ ṣáájú ọjọ́ ìbò, àmọ́ ibi tó ń gbà á dé ọjọ́ ìbò wà, ibi tí kò gbà á náà wà. Ẹ wo ti ìpínlẹ̀ yín lójú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ìbò ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá kó ilé, ẹ tún àdírẹ́sì ṣe. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ béèrè bóyá ẹ lè dìbò ṣáájú ọjọ́ tàbí nípa ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Kí ẹ má sì dúró dé ìbò gbogboogbò nìkan: ní ẹkùn tí ẹgbẹ́ kan ti jọba, ìbò abẹ́lé ni wọ́n ti ń yan ẹni tó máa ṣojú yín, àwọn tó ń jáde fún un sì kéré débi pé ìjọ kan ṣoṣo tó bá jáde lápapọ̀ lè yí èsì ibẹ̀ padà.